Ọmọ Tí Ẹ̀gbà Rẹ̀ Di Dúdú

Ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ náà di dúdú kí Dókítà Ìbídùn Ajíbówú tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ó ṣì ń wá ojú ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ó ti wo abíyá, ó ti wo ẹ̀yìn orúnkún, ó wá ń fi ìka tú irun ìpàkọ́ rẹ̀ wò, nígbà tí ìyá ọmọ náà mí kanlẹ̀, tó sì sáré fa apá ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ wálẹ̀ bo ọrùn ọwọ́.

"Kò tíì dúró, Dókítà," ni obìnrin náà wí. "Ó ṣì ń yí ni. Ẹ jẹ́ kó dúró ná."

"Ìyá Àfúsá, ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Ó funfun nígbà tá a wọlé. Ẹ̀yin náà rí i pé ó funfun."

"Gbogbo wọn ló máa ń funfun tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó rọra ká apá ẹ̀wù náà sókè. Ẹ̀gbà náà dúdú minimini. Kò pupa, bíi ti ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ìhà kejì aṣọ ìkélé, tí wọ́n ti fa omi sí lára láti ọjọ́ mélòó kan. Dúdú ni.

Àfúsá alára ń wo àwọn méjèèjì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ gbẹ, ikùn rẹ̀ ti wú díẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń yára bí ti ẹni tó sáré gun òkè. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó wà, ó sì mọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí òun.

"Màámi, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Dókítà fún un lómi. "Níbo lo ti lọ ṣeré kí ara rẹ tó máa gbóná?"

"Mo lọ wá olú nínú koríko ìjọba."

"Mi ò rán an o!" ìyá rẹ̀ dá sí i kíá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ó wọ ibẹ̀. Koríko tí wọ́n gbìn kí ilẹ̀ òkè má baà ya yẹn ti ga dé ojú fèrèsé wa. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, inú rẹ̀ ni mò ń tẹsẹ̀ sí. Ọkọ mi gé ìwọ̀nba tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá mú un. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ̀yìn etí ni Dókítà ti rí ohun tó ń wá, níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Èépá dúdú kan ló wà níbẹ̀, ó rí róbótó, bí ẹni pé wọ́n fi iná sìgá kàn án, àyíká rẹ̀ sì pọ́n. Kòkòrò pupa inú koríko ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí kò tóbi ju ẹyọ iyanrìn lọ. Ibà koríko ni, kò sí iyèméjì níbẹ̀.

"Ìgbà wo ni ara rẹ̀ ti ń gbóná?"

"Láti bí ọjọ́ ọjà tó kọjá."

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè gbé e wá?"

Obìnrin náà tọ́ka sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀rù nǹkan yìí ló bà mí."

Nọ́ọ̀sì Ládépò dé ẹnu ọ̀nà. Ilé ìwòsàn Ẹsẹ̀-Òkè yìí ni bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́ kó tó di pé omi lé àwọn ará etí òkun wá sórí òkè, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ Aríran rí, ẹ̀rọ tó ń pín àwọ̀ fún ẹ̀gbà. Ó rí ẹ̀gbà náà, ó ṣí fìlà lórí. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá ọmọ bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ìyá mi. Ibẹ̀ tutù. Mo ti tẹ́ ẹní síbẹ̀."

"Mi ò lọ."

"Bàbá Ládépò, ẹ dúró ná," ni Dókítà wí.

Ó gbé Àfúsá lọ síwájú àpótí oògùn. Irin ni àpótí náà, ó ga tó èèyàn, wọ́n rì í mọ́ ara ògiri. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó gbé ẹ̀gbà rẹ̀ sún mọ́ ojú àpótí. Inú irin dún díẹ̀, ihò kékeré kan ṣí nísàlẹ̀, ìgò omi oorun kan yọ síta. Dókítà dúró kó tún yọ nǹkan mìíràn. Kò yọ nǹkan kan mọ́. Ó tún gbé ọwọ́ ọmọ náà sún mọ́ ọn.

"Ẹ ti gba tiyín," ni ohùn obìnrin kan wí láti inú irin, jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kú ìfaradà."

Ìyá Àfúsá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Dókítà fa Ládépò jáde lọ sí ìdí àgbá omi. Oòrùn òwúrọ̀ ti mú. Koríko yí ilé ìwòsàn náà ká bí odi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Bàbá Ládépò, láti ìgbà tí Aríran ti dé, nínú àwọn ọmọ tó wọ dúdú, èwo ló yè?"

"Kò sí o, Dókítà. Ẹ̀rọ náà kì í ṣìnà. Ohun tó bá ti sọ, òun náà ni."

"Èwo la fún lóògùn nínú wọn?"

Bàbá náà wolẹ̀. "Àpótí kì í ṣí fún dúdú. Pupa ló ń fún lóògùn; funfun, ẹ̀tù ni, kó máa lọ sílé. Ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n ní oògùn ò tó, wọ́n ní ká má fi ṣòfò sára ẹni tí ò ní gbé e."

"A ò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Gbogbo wọn kú. Ẹ̀rọ wá ń wo òkú wọn, ó ń sọ pé òun jàre."

Ládépò ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Dókítà, ọmọ tí mo ti tẹ́ ẹní yẹn fún pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n máa ronú lọ sápá ibẹ̀. Mo ṣì fẹ́ máa rí oorun sùn."

Ìbídùn fi í sílẹ̀, ó padà wọlé. Ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọmọ kejì, Gbọ́lá, tó wọ pupa. Ọmọ náà ti dìde jókòó, ó ń mu ògì, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá irin bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò lè mí dáadáa. Ìyá rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ẹsẹ̀-Òkè, mú ife ògì dání, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára aṣọ ìkélé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Gbọ́lá, ẹ wá bá mi níta. Ìyá Àfúsá, ẹ̀yin náà, ẹ wá."

Ìdí àgbá omi náà ni wọ́n dúró sí. Dókítà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìyá Gbọ́lá, ohun tí mo fẹ́ bi yín yìí, ẹ lè sọ pé rárá. Bẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní bínú, mi ò sì ní tún bi yín mọ́."

"Ẹ̀gbà ọmọ mi lẹ fẹ́ gbà."

"Abẹ́rẹ́ tó kù fún Gbọ́lá ò pọ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ti ń yá, mo sì rò pé ó lè dúró láìgba ìyókù. Mo rò ó ni o. Mi ò mọ̀ ọ́n dájú. Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀gbà kọ́kọ́ fà lára ọmọ, ooru ara àti lílù ọkàn nìkan ló ń kà. Bí Àfúsá bá wọ pupa, Aríran á rò pé Gbọ́lá ni ara rẹ̀ tún gbóná, àpótí á sì máa ṣí."

"Gbọ́lá á wá wọ dúdú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá Àfúsá ti kúnlẹ̀. Ìyá Gbọ́lá yí ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀ mí sí." Ó ń yí etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka. "Àkọ́bí mi, Bánkọ́lé, òun náà wọ dúdú. Yàrá ẹ̀yìn yẹn la jókòó sí. Lọ́jọ́ tá a wọ ibẹ̀, ó ní kí n fún òun ní ẹ̀wà. Ẹni tó ń kú lọ, Dókítà, ṣé ẹ̀wà ló máa ń tọrọ? Wọ́n fún un ní omi oorun, ó sùn, kò jí mọ́. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ibà ló pa á tàbí yàrá yẹn."



"Ẹ wá gbà á," ni Ìyá Gbọ́lá wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ọmọ mi, mi ò ní dárí jì yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni Dókítà wí.

Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló lè ṣí ẹ̀gbà. Ó ṣí méjèèjì, ó pààrọ̀ wọn, ó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ó ń jalè lójú ọjà. Gbọ́lá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

"Kí ló dé tí tèmi fi dúdú?"

"Dákẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì gbé e pọ̀n lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Dókítà gbé Àfúsá padà síwájú àpótí. Inú irin náà dún títí, ó pẹ́ débi pé Ládépò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ohùn jẹ́jẹ́ yẹn sọ̀rọ̀: "Gbọ́láhàn Oyèlàmí, ara yín tún gbóná. Ẹ pẹ̀lẹ́." Àpótí sì ṣí.

Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tí Ìbídùn fẹ́ rántí. Nípa àìsàn yẹn, Aríran kò parọ́ rárá. Gbogbo ohun tó rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló dé. Gìrì mú un. Ojú rẹ̀ wú, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́, ó ń pe orúkọ àwọn èèyàn tí ìyá rẹ̀ ò mọ̀ rí. Ìtọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde níbi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, kò tètè dì. Nígbà tí omi wọ ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀, èémí rẹ̀ ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Afẹ́fẹ́ inú àgbá ni wọ́n ń fún un, Dókítà àti Ládépò sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láìsọ̀rọ̀. Ìyá Àfúsá jókòó síbi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu ún, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láàárín ìyẹn, Ìyá Gbọ́lá wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa Gbọ́lá lọ́wọ́ dé iwájú Dókítà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ náà gbóná.

Ìbídùn wo ojú obìnrin náà, ó rí i pé kò ní kígbe, kò sì ní bú òun. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ó pín oògùn tó wà nínú ìgò Àfúsá sí méjì, láìmọ̀ bóyá ìdajì á tó ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, ó sì gún Gbọ́lá lábẹ́rẹ́. 

Ara Gbọ́lá rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àfúsá ṣì wà níbi tó wà. Ó tún tó ọjọ́ díẹ̀ kí ìyá rẹ̀, tó ń sùn lórí ìjókòó, tó gbọ́ ohùn kan tó há bí ti àgbàlagbà.

"Màámi, ta ló jẹ olú mi?"

Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ó wà nílé." Irọ́ ni. Ó ti sọ ọ́ nù tipẹ́. Ládépò lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí Àfúsá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, Dókítà dá ẹ̀gbà padà: pupa fún Gbọ́lá, dúdú fún Àfúsá. Ó rò pé wọ́n á pè é lẹ́jọ́ pé ọmọ tó wọ dúdú ò kú. Ó ti ronú ohun tó máa sọ. Á ní bóyá ẹ̀gbà náà ló bàjẹ́.

Alábòójútó àgbègbè náà, Ọ̀gbẹ́ni Tẹ̀là, dé lọ́sàn-án, nínú ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Ọkùnrin sísanra kan ni, ó máa ń nu ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ wọ́ọ̀dù, ó wo Àfúsá, ó wo ẹ̀gbà dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún wo bó ṣe ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìbídùn ń retí kó na ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí òun. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dókítà, ẹ kú oríire!"

"Oríire kí ni, sà?"

"Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ́fíìsì yín." Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó jókòó, ó nu ojú. "Àfúsátù yìí. Dúdú ni. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan, àpótí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì yè! Dókítà, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí Aríran ti ń ṣiṣẹ́. Ó sì ti rí i."

"Ó rí i, ó wá ṣe kí ni?"

"Ó ti kọ́gbọ́n nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní Olú-Ilé Ìlera ti ń wá irú èyí ọjọ́ ti pẹ́, ariwo àwọn ìyá ọmọ ti pọ̀ jù lára wọn. Láti òwúrọ̀ òní, ọmọ tí àmì ara rẹ̀ bá ti jọ ti Àfúsátù, funfun ni Aríran máa kà á sí. Kò sí dúdú mọ́, Dókítà! A ti ti gbogbo yàrá ẹ̀yìn pa, jákèjádò orí òkè."

Ìbídùn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé láti inú kànga ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

"Funfun kì í gba abẹ́rẹ́," ló wí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ara wọn á jà fún ara wọn, bíi ti Àfúsátù. Ẹ̀tù tó ń mú ara tutù nìkan, ó tán. Ẹ wo bí oògùn tá a máa fi pa mọ́ ṣe máa pọ̀ tó!"

Níta, ìròyìn ti dé ìgboro kí alábòójútó tó débẹ̀. Orin ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ti ya wọ àgbàlá ilé ìwòsàn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ti wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń fa ẹní jáde, wọ́n ń jù ú sínú koríko. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń kọrin. Dókítà tó lé dúdú lọ, ni wọ́n ń pè é.

Ó lè dákẹ́. Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì ò ní sọ̀rọ̀, Ládépò ò ní sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kò mọ nǹkan kan. Á máa gbé orí òkè, wọ́n á máa kí i lọ́nà. Ó wo inú ara rẹ̀ bóyá ó lè ṣe é, ẹ̀rù sì bà á nígbà tó rí i pé apá kan nínú òun fẹ́ ẹ.

"Ọ̀gbẹ́ni Tẹ̀là, ọmọ yẹn gba abẹ́rẹ́."

"Àpótí ní kò gbà á."

"Mo pààrọ̀ ẹ̀gbà. Oògùn tí ẹ rí lórúkọ Gbọ́láhàn Oyèlàmí, ara Àfúsátù ló wọ̀. Gbogbo ohun tí Aríran sọ pé ó máa ṣe é ló ṣe é. Oògùn ló gbà á là. Bẹ́ ẹ bá ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé, wọ́n á kú, kódà wọn ò ní rí ẹni tó máa tẹ́ ẹní fún wọn."

Tẹ̀là dìde, ó ti fèrèsé. Orin náà lọ sílẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀ sí i?"

"Èmi nìkan."

"Ẹ ń parọ́."

"Èmi nìkan ni, sà."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Tẹ̀là, àárẹ̀ ló kù síbẹ̀. "Dókítà, ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn kì í wọ inú Aríran. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣojúsàájú. Ẹ̀gbà àti àpótí nìkan ló ń gbọ́ràn sí. Ká tiẹ̀ ní mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sókè, ta ni ẹ rò pé ó máa fẹ́ gbọ́ ọ lónìí? Ẹ gbọ́ orin yẹn ná. Ẹ gba oríire yín. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ọkùnrin kan ló wọlé, Làmídì tó ń sin ewúrẹ́ lápá ìsàlẹ̀ ìlú, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lé èjìká, òógùn bo gbogbo ara rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ládépò wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Dókítà! Funfun ni! Mo ti ń sunkún bọ̀ látilé, mo ní dúdú ló máa jẹ́. Bàbá Ládépò dì í mọ́ ọn lọ́wọ́, a dúró, a dúró, kò yí! Rísíkà, kí Dókítà."

Ọmọ náà kò kí ẹnikẹ́ni. Dókítà gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ikùn rẹ̀ le. Èémí rẹ̀ ń sáré. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ohunkóhun. Lẹ́bàá ìdodo rẹ̀ ni èépá dúdú náà wà. Kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí Àfúsá lọ́jọ́ tó dé, àfi pé tirẹ̀ ti wọra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé e lọ síwájú àpótí. "Ẹ kú oríire," ni ohùn inú irin wí. "Ẹ máa lọ sílé." Ẹ̀tù kékeré kan bọ́ sílẹ̀.

Ìbídùn tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó jáde lọ sí ẹnu géètì, ó fa ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń há a yọ, ó gbé e wọlé láàárín àwọn tó ń jó. Àwọn kan rò pé eré ni, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un.

"Dókítà, ẹ má ṣe é," ni Tẹ̀là wí. Ó dúró síwájú àpótí, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́. "Bẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, wọn ò ní gbé òmíràn wá sí Ẹsẹ̀-Òkè mọ́ láé. Ẹ ro ti àwọn ọmọ tó ń bọ̀."

"Àwọn ọmọ tó ń bọ̀? Ṣebí ẹ ti ní funfun ni gbogbo wọn."

Ọkùnrin náà kúrò lọ́nà.

Ó fọ́ ọ. Kò fọ́ kíákíá. Irin náà ń pariwo bí ẹran tí wọ́n mú, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù, ọwọ́ Ìbídùn sì ń bó. Nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ já, orin ti dákẹ́ níta, gbogbo èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà. Ó mú ohun tó fẹ́ mú, ó fa omi sí Rísíkà lára, ó gún un lábẹ́rẹ́ níṣojú gbogbo wọn. Ó sọ fún Ládépò bí yóò ṣe máa fún un nìṣó, Ládépò sì ń mi orí.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí bàbá ọmọ náà. "Ọmọ yín ò yá, Bàbá Rísíkà. Ó wà nínú ewu ńlá. Funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, irọ́ ni. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ náà nírọ́." Ó yíjú sí àwọn èrò. "Bí ara ọmọ yín bá gbóná, tí ẹ rí èépá dúdú, tó ń mí bí ọmọ yìí ṣe ń mí, ẹ má wo ẹ̀gbà. Ẹ má gbé e padà sílé. Ẹ gbé e wá fún Bàbá Ládépò. Ẹ sọ ọ́ dé ibi tí ẹ bá lè sọ ọ́ dé."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, òmíràn ní kó dákẹ́. Nínú ariwo yẹn ni Ìyá Gbọ́lá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tó fọ́. Ó tẹ̀ba, ó ṣa ìgò oògùn tó kù, ó kó wọn sínú aṣọ, ó wé e mọ́ ìbàdí, ó sì rìn jáde láàárín èrò láìbojú wẹ̀yìn. Bí Tẹ̀là bá rí i, kò sọ ọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ ti gbé wọn lọ. Wọ́n de ọwọ́ Ìbídùn síwájú, Tẹ̀là jókòó tì í, ó ń nu ojú. Ó ní wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bí òjò bá dá. Ó ní òun á sọ pé ara Ìbídùn ni kò yá.

"Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀," ni Ìbídùn wí.

"Mo mọ̀."

Ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín koríko tó ga ju orí ọkọ̀ lọ lọ́tùn-ún àti lósì. Níbi tí ó ti pàdé ọ̀nà àwọn ìlú yòókù, ọkọ̀ ní láti dẹ ìrìn, nítorí pé èrò ń ti ilé ìwòsàn àwọn ìlú náà bọ̀. Àwọn ìyá ni, àwọn bàbá ni, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ọmọ wà léjìká wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń padà sílé. Ẹ̀gbà funfun wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà, gbogbo wọn.

Ẹnì kan dá Ìbídùn mọ̀ látinú dígí. "Dókítà Ẹsẹ̀-Òkè nìyẹn!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i. Ó fi ọwọ́ tí wọ́n dè gbá dígí náà, ó ń pariwo pé kí wọ́n padà, kí wọ́n gbé wọn padà. Dígí náà nípọn. Ohùn rẹ̀ kò jáde.

Obìnrin kan sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé Dókítà ń kí òun ni. Ó kẹ̀yìn sí i kó lè rí ọmọ tó pọ̀n dáadáa, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó gbé e sókè, ó ń fi í juwọ́ sí Dókítà. Nígbà tó fi í sílẹ̀, ọwọ́ náà já wálẹ̀, ọmọ náà kò gbé e, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ.